Iná tó mọ́lẹ̀ jù kọ́ ló ń lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra BAC, ìdánwò àṣejáde girama, jókòó tì mí ní Kétu níbí, ó ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Ó dé ibì kan, ó ní irin yòówù kó jẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣáà ti mọ́ tó, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (horo kékeré tó ń gbé iná mànàmáná) á fò jáde lára rẹ̀. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Bàbá, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ ṣáà tan iná tó le sí i."

Ó ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu olùkọ́, lẹ́nu àwọn tó ń ta sólà lọ́jà. Kì í ṣe òótọ́, mo sì ti fi ojú ara mi rí i.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló já mi kulẹ̀, torí ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí iná mànàmáná dúró lára nǹkan. Ìgbà tí mo padà sí Kétu, tí ọyẹ́ mú, ló tó bọ́ sí i. Mo mú abala síǹkì tó tó àtẹ́lẹwọ́, mo fi bébà oníyanrìn họ ọ́ títí ó fi dán, mo gbé e lé orí ìgò tí ewé alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì so rọ̀ sí nínú. Mo fi aṣọ òtútù nu ọ̀pá PVC (ọ̀pá oníke tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò) léraléra, mo fi kan síǹkì náà. Ewé méjèèjì ya kúrò lára wọn, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti pọ̀ lára síǹkì àti lára ewé, wọ́n sì ń ti ara wọn.

Mo gbé iná ńlá onígíláàsì tí wọ́n ń gbé kọ́ níbi ìnáwó, 500 wáàtì, mo fi sún mọ́ ọn. Ooru rẹ̀ ń jó mi lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ewé ò mira. Mo pa á, mo tan fìtílà kékeré tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn inú omi. Wáàtì 8 péré, ojú ò rí ju búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lọ lára rẹ̀. (Ẹ má wò ó o, ó ń ba ojú jẹ́, inú páálí ni mo fi sí.) Kíá ni ewé méjèèjì wálẹ̀ pàdé ara wọn: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde lọ.

Mo tún un ṣe, mo wá ti gíláàsì fèrèsé bọ àárín. Ewé dúró. Búlúù yẹn ṣì ń gba inú gíláàsì kọjá, mò ń rí i. Èyí tí ojú kò rí, ultirafayólẹ́ẹ̀tì, ni gíláàsì dá dúró. Mo yọ gíláàsì, ewé wálẹ̀.

Ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé bá irin. Fótónì là ń pe ẹyọ kan, agbára ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé fírékúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wò ó bí ọkọ̀ tó ń sọdá ọ̀sà ní 500 fáráńkì, tí onítọ̀hún kò gba kí ẹnikẹ́ni bá èrò dá owó. Ẹgbẹ̀rún èèyàn tó mú 200 dání, ẹnì kan ò ní wọkọ̀. Ẹnì kan tó mú 600 wá, ó wọlé, 100 ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ṣẹ́ńjì yẹn ni eré tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń bá jáde. Fótónì ni èrò, agbára rẹ̀ ni owó ọwọ́ rẹ̀. Owó ọkọ̀ síǹkì, ìyẹn agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nílò kó tó jáde, jẹ́ nǹkan bí 4.3 eV (eV ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára tó kéré bẹ́ẹ̀). Fótónì pupa kò lé ní 2. Àlùkò tí ojú rí kẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí 3.1. Ti fìtílà kékeré mi, tí ìgbì rẹ̀ gùn ní 254 nánómítà (ìdá bílíọ̀nù mítà ni nánómítà kan), jẹ́ 4.9.

Ìmọ́lẹ̀ tó le níṣẹ́ tirẹ̀: èrò ló ń kó wá. Bí mo bá sún fìtílà náà mọ́ síǹkì, ewé á tètè wálẹ̀ sí i, torí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jáde pọ̀ sí i, àmọ́ eré ẹyọ kan ò lé. Philipp Lenard, onímọ̀ físíìsì, ti rí èyí ní 1902. Einstein ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905, òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti 1921. Robert Millikan ní Amẹ́ríkà kò gbà á gbọ́, ó fi ọdún pípẹ́ wọ̀n ọ́n kó lè já a nírọ́. Nígbà tó fi máa di 1916, ìwọ̀n tirẹ̀ gan-an ti fi hàn pé ìṣirò Einstein péye.

Wọ́n á ní òòrùn tó mú ló ń tètè gbẹ láfún. Láfún ń kó ooru jọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í kó fótónì jọ. Ó dáa, mo gbà pé lésà tó lágbára burúkú lè mú kí ẹyọ kan gba fótónì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gílóòbù ilé yín kì í ṣe lésà.

Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà mo gbé ìgò náà fún ọmọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó di gíláàsì mú fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ewé. Ó yọ ọ́. Ewé wálẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é, kó tó mú bíìkì, tó fa ìlà pa gbólóhùn yẹn rẹ́ nínú ìwé rẹ̀.