Adìẹ Kò Nílò Àkùkọ Kó Tó Yé Ẹyin

Ìyá kan ló tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dé níwájú ẹlẹ́yin lọ́jà Òkè-Odò. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí kíréètì, ìyá gbá ọwọ́ náà kúrò. "Má fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹyin agric ni. Adìẹ tí kò rí àkùkọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú un yé." Àwọn tó dúró síbẹ̀ ń mi orí, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Agége dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ ọ́, irọ́ sì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra old layer, adìẹ agric tó ti ń yé tipẹ́, fún ọbẹ̀ ọdún, bẹ́ ẹ bá la inú rẹ̀, kí lẹ máa ń bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn? Ṣebí pupa ẹyin tó so jìngbìnnì ni. Ọ̀kan á tóbi tó èyí tá a ń dín, òmíràn á kéré sí i, títí dórí èyí tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Adìẹ yẹn kò sì rí àkùkọ rí, torí ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ti máa ń ya akọ sọ́tọ̀. Èmi fúnra mi ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní Ìpájà. Àkùkọ kan kò sí lọ́gbà mi. Omi, oúnjẹ àti iná ni mo ń fún wọn, ilẹ̀ á mọ́, mà á kó ẹyin.

Ọmọ ẹyin wọ̀nyẹn, adìẹ bá wọn wáyé ni. Apá òsì nìkan ni ilé ẹyin rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń rí lójúmọ́ sì pọ̀ tó, ọpọlọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú pupa ẹyin gbó sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá gbó á já bọ́ sí ọ̀nà ẹyin. Ẹnu ọ̀nà yẹn, láàárín bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, ni àtọ̀ àkùkọ ti lè bá a pàdé. Bó pàdé rẹ̀ o, bí kò pàdé rẹ̀ o, ẹyin kò ní dúró. Á kọjá síbi tí funfun á ti bò ó fún bíi wákàtí 3, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wé mọ́ ọn, á wá wọ ibi tí èèpo á ti gbà á, níbi tó ti ń lo nǹkan bíi wákàtí 20. Gbogbo ìrìn náà, wákàtí 24 sí 26 ni. Kálísíọ̀mù ni èèpo yẹn, ìdí nìyẹn tá a fi ń da ìkarahun lílọ̀ sí oúnjẹ wọn. Níbo ni abẹ́rẹ́ wà nínú èyí? Kí ẹyin lè di òròmọdìẹ nìkan ni àkùkọ wúlò fún.

Wọ́n ní adìẹ ìyá àgbà àwọn kì í yé láìsí àkùkọ. Agbo ilé wo ní Mushin ni àkùkọ kò sí, ti aládùúgbò pàápàá ń fo ògiri wọlé! Ní ti pé agric ń yé púpọ̀, adìẹ ìbílẹ̀ máa ń dá ẹyin yíyé dúró láti sàba, agric kì í sàba: irú èyí tí kì í sàba ni wọ́n ń ṣà sìn láti ìran dé ìran.

Lóòótọ́, à ń fún wọn ní àjẹsára nítorí àrùn Newcastle, àwọn olóko kan sì ń lo oògùn lálòjù. Ìyẹn kọ́ ló ń mú adìẹ yé.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó fọ́ ẹyin agric sáwo, kó wo ojú funfun kékeré orí pupa rẹ̀. Kó wá fọ́ ti adìẹ tí àkùkọ gùn: ojú tiẹ̀ á fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì ní òbìrí yíká. Oúnjẹ inú méjèèjì kò yàtọ̀. Èyí tí àkùkọ kò gùn kò kàn ní lè di òròmọdìẹ ni.