Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún wọn

Ẹ̀yin ará Èkìtì, nílé àti lóko, ẹ gbọ́ èrò ọkàn mi lórí ẹ̀kọ́ fídíò àti rédíò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ibi tó ti ń bà mí nínú jẹ́ ni ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí. Wọ́n á pín sàtífíkéètì, wọ́n á ya fọ́tò, kámẹ́rà á sì bá olùkọ́ padà síbi tó ti wá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò kò ní kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. Kí oṣù tó yí po, ó ti gbàgbé.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní London lọ́dún 1924, tó sì wà ní British Museum dòní. Ọ̀gá náà ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a gbẹ́gi. Ẹnu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: yàrá kan nínú gbọ̀ngàn ìlú, iná sólà, kọ̀ǹpútà tó lágbára, máìkì, àti ẹnì kan tó mọṣẹ́ tí yóò máa wo ohun tí wọ́n ṣe.

Ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn dáadáa. Èèyàn lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá bo ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wò ó dópin. Máìkì tí wọ́n fi há agbádá, aṣọ yóò máa họ ọ́. Ibi tí wọn yóò fi í sí, bí wọn yóò ṣe fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí láti dán ohùn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gba àkókò.

Iṣẹ́ kò wọ́n wa. Òkú àgbà wà, ìgbéyàwó wà, ọdún Ùdìròkò wà l'Ádó, ọdún Ọlósùnta wà n'Íkẹ́rẹ́. Ìtàn Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Mẹ̀sí, àti ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà, 1877 sí 1886, ṣì wà lẹ́nu àwọn ìdílé kan, àwọn àgbà sì ń lọ. Bí wọ́n bá fi èdè Èkìtì sọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó. Iṣẹ́ tó tó sanwó fún nìyẹn náà. Kí ẹgbẹ́ ìlú àti ààfin gbéṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n sì sanwó. Ẹ má sọ pé ọmọ wa ni wọ́n, kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ìlú yín bá ń gbèrò irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kí ìpàdé tó tú: lóṣù kẹta lẹ́yìn tí olùkọ́ bá lọ, ta ni yóò máa ra dátà, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà yóò wà?