Ìgbì S kì í la àárín ayé kọjá
Wọ́n ní lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, ìgbì P àti ìgbì S, oríṣi ìgbì méjì tí ìmìtìtì náà ń rán gba inú ilẹ̀, jọ ń la àárín ayé já, pé eré wọn nìkan ló yàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. P ń ti nǹkan síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà ó ń gba inú òkúta àti inú ohun olómi kọjá. S ń mi nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun olómi kì í sì í gbé irú mímì bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ibi irin yíyọ́, ní nǹkan bí 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Ti eré yẹn jóòótọ́ ṣá: nítòsí òkè ilẹ̀, P ń sá tó kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, S tó 3.5. Bí S bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 pẹ́ ju P lọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8: nǹkan bíi kìlómítà 80 ni orísun ìmìtìtì náà fi jìnnà sí yín.