Ta ló fi bọ́ǹbù sílẹ̀ ná?

Láti 2022 tí Rọ́ṣíà ti ya wọ Ukraine, gbólóhùn kan ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn mọ́ nídìí ayò àti nídìí rédíò, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu: "Ukraine kó bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gaddafi, olórí Líbíà, kó tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pa á. Korea Àríwá di tiẹ̀ mú, ta ló jẹ́ dán an wò?" Ó dùn létí. Èmi ò gbà á, torí nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, kò sí èyí tó ní bọ́ǹbù tó lè jù lọ́jọ́ tó ń fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Ukraine. Nígbà tí Soviet Union, ìjọba ńlá tó kó Rọ́ṣíà àti Ukraine pọ̀, fọ́ lọ́dún 1991, bọ́ǹbù ńláńlá bí 1,900 ló kù sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Moscow ni nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i wà. Ọkọ̀ wà lágbàlá mi, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹlòmíì: ta ni ọlọ́kọ̀? Bó pẹ́ bó yá, wọn ì bá rí ọ̀nà tú àgádágodo náà, àmọ́ bọ́ǹbù kì í ṣe ìbọn ọdẹ tí à ń gbé kọ́ ògiri. Gáàsì kan wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, tritium, tó máa ń dín kù sí ìdajì láàárín ọdún 12. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa rọ òmíràn sí i, Rọ́ṣíà sì ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Owó ò sí lọ́wọ́ Ukraine nígbà yẹn. Nígbà tó kó bọ́ǹbù náà lé Rọ́ṣíà lọ́wọ́, yuréníọ́mù, ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná àti bọ́ǹbù, wà lára ohun tí wọ́n fi san án fún un, fún àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná rẹ̀.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Budapest ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1994. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ṣèlérí pé àwọn ò ní kọjá ààlà Ukraine. Ìlérí ni o. Kò sẹ́ni tó ṣe onígbọ̀wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi bọ́ǹbù átọ́míìkì halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á gbé e lọ sí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ti lè sọ pé rárá kí gbogbo ẹ̀ sì dúró. Ta ni í yá ni lówó ní Ọjà Wàǹdó lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ti Gaddafi, ẹ jẹ́ n gba Sábẹ̀ dé ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni yuréníọ́mù Arlit, ní ilẹ̀ Niger, fi ń bá ọkọ̀ àjàgbé dé Párákú, tó sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ gba Sábẹ̀ lọ sí èbúté Kútọnu. Àwọn kan gbà pé bọ́ǹbù ló ń kọjá lẹ́yìnkùlé wa. Rárá. Nínú 1,000 ẹyọ yuréníọ́mù tó ti inú ilẹ̀ jáde, bíi 7 péré ni irú tó wúlò. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ń fẹ́ 30 sí 50 nínú 1,000. Bọ́ǹbù ń fẹ́ bíi 900. Sísẹ́ ni iṣẹ́ wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tó ń yí bírí ló sì ń sẹ́ ẹ fún ọdún gbọọrọ. Ìyẹn ni Niger ṣe ní yuréníọ́mù tí kò ní bọ́ǹbù. Gaddafi náà ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ẹmẹ̀wà A. Q. Khan, onímọ̀ bọ́ǹbù ará Pakistan, ṣùgbọ́n nígbà tó kéde pé òun jáwọ́ ní oṣù Kejìlá 2003, inú àpótí ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà. Àpótí ló tà. Mo gbà ṣá pé ikú rẹ̀ ní 2011 kọ́ Korea Àríwá lọ́gbọ́n. Ìjọba wọn ò fi bò.

Kí ló ń mú àwọn orílẹ̀-èdè wá bọ́ǹbù gan-an? Ìbẹ̀rù aládùúgbò ni ti Pakistan: Íńdíà ti bá a jà ní 1971, Bangladesh bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di 1974 Íńdíà dán bọ́ǹbù tirẹ̀ wò. Iyì ló pọ̀ jù nínú ti Faransé. Sàhárà wa yìí, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ló sì ti dán an wò, ní Reggane, ní oṣù Kejì 1960. Ìgbà 17 ló ṣe é kó tó kúrò ní Algeria. Nàìjíríà lé aṣojú Faransé jáde nítorí rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1961.

Ẹni kan ṣoṣo ló ṣe bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ọmọ Áfíríkà ni. Gúúsù Áfíríkà ní mẹ́fà, ìkeje ń lọ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jù ú sí Luanda, olú ìlú Angola. Ọmọ ogun Cuba wà ní Angola, ayé ti ta ìjọba aláwọ̀ funfun nù, wọ́n wá ń rò ó pé bí ọwọ́ bá tẹ àwọn, àwọn á fi bọ́ǹbù han Amẹ́ríkà kó lè sáré wá gbèjà àwọn. Ìpè ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ìjà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 1988, Cuba gbà láti kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ. Namibia gba òmìnira lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà ní 1990. Ìbéèrè tí bọ́ǹbù náà ń dáhùn ti tán. De Klerk, ààrẹ Gúúsù Áfíríkà, ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé pé àwọn ò ní ní bọ́ǹbù átọ́míìkì ní oṣù Keje 1991, ó di oṣù Kẹta 1993 kó tó sọ fún aráyé. Àwọn kan ní ẹ̀rù kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ANC, ẹgbẹ́ Mandela, ló bà á. Mo gbà pé ìyẹn náà wà níbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò àjọ IAEA, tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ átọ́míìkì lágbàáyé, yẹ ìwé ilé iṣẹ́ tó ń sẹ́ yuréníọ́mù náà wò láti ọdún dé ọdún, wọ́n sì rí i pé wọ́n dí ihò tí wọ́n gbẹ́ sí aṣálẹ̀ Kalahari láti fi dán an wò.

Pelindaba, níbi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fi sọ àdéhùn tó lé bọ́ǹbù átọ́míìkì kúrò ní Áfíríkà lórúkọ. 2009 ló di òfin. Yuréníọ́mù tí wọ́n tú jáde ńkọ́? Apá kan ti di egbòogi tí àwọn dókítà fi ń wo inú aláìsàn. Èyí tó kù ṣì wà ní Pelindaba. Àwọn agbébọn já wọ ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2007, wọ́n yìnbọn fún òṣìṣẹ́ kan, wọn ò dé ibi tí wọ́n kó o sí. Amẹ́ríkà bẹ Gúúsù Áfíríkà pé kó kó yuréníọ́mù náà wá, ó kọ̀.