Irọ́ ni pé owó ẹgbẹ́ kékeré ò lè ṣe nǹkan kan nínú ìwádìí àrùn ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Tí ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan bá ti ní àwọn ń dáwó fún ìwádìí àrùn ọpọlọ báyìí, ẹ̀ẹ́ rẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kàn fẹ́ fowó yín ṣòfò ni o, iṣẹ́ ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ olóògùn ńláńlá nìyẹn, kí lowó kékeré yẹn fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Irọ́ ni jàre. Lóòótọ́, kò sẹ́gbẹ́ kékeré tó lè dá gbé ìnáwó dídán oògùn wò lára èèyàn títí dópin, owó gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ní ibẹ̀ niṣẹ́ wọn wà? Ẹ wò ó, kí àjọ ńlá tó fún onísáyẹ́ǹsì lówó, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ mẹ́rìí wá pé ohun tó ń rò lè ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ owó náà ló máa fi wá ẹ̀rí ọ̀hún, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ibẹ̀ lẹgbẹ́ kékeré ti ń wọlé, wọ́n lè sanwó akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọdún kan, tàbí owó kẹ́míkà àti eku tí wọ́n máa lò ní láàbù. Ọwọ́ àwọn ẹni ńlá tó pẹpẹ, àmọ́ kò wọ kèrègbè.

Ẹ jẹ́ ká mú àrùn Huntington, tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tara òbí bọ́ sára ọmọ. Lọ́dún 1968, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Milton Wexler ní Los Angeles dá ẹgbẹ́ tó wá di Hereditary Disease Foundation sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé àrùn yìí ló ń ṣe ìyá àwọn ọmọ ẹ̀. Wọ́n ń pe àwọn onísáyẹ́ǹsì tí ò bára wọn ṣiṣẹ́ rí jọ, kí wọ́n jókòó jiyàn. Nancy ọmọ ẹ̀ wá gba Venezuela lọ, létí adágún Maracaibo níbi tí àrùn yìí ti pọ̀ nínú àwọn ẹbí kan, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń kọ ìran ta ló bí ta sílẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó di 1983, wọ́n mọ̀ pé orí chromosome 4, ọ̀kan lára àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá, ni wàhálà náà wà, ní 1993 ọwọ́ tẹ jíìnì náà fúnra ẹ̀, ìyẹn àbùdá tó ń fa àrùn yìí. Ìjọba Amẹ́ríkà náà nawó sí i, mi ò ní fìyẹn pa mọ́, àmọ́ ẹ sọ fún mi, ta ló kó wọn jọ?

Spinal muscular atrophy (SMA) náà ńkọ́, àrùn tó ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń darí iṣan jẹ́, tó sì ń sọ iṣan àwọn ọmọ kékeré di aláìlágbára? Àwọn òbí ló dá Families of SMA sílẹ̀ ní 1984, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fowó sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní University of Massachusetts, iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó bí nusinersen, oògùn àkọ́kọ́ fún SMA tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní December 2016.

Kì í tiẹ̀ ṣowó nìkan. Tí àrùn bá ṣọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ olóògùn lè má mọ ibi tí wọ́n ti máa ráwọn aláìsàn tí wọ́n máa fi dán oògùn wò, ẹgbẹ́ àwọn ẹbí ló sábà máa ń ní orúkọ wọn lọ́wọ́.

Ṣá o, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe é dáadáa, àwọn kan ń fowó fún dókítà tí wọ́n bá ṣáà ti fẹ́ràn. Ní ìlú ọba, Association of Medical Research Charities, ìyẹn àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń nawó sí ìwádìí ìṣègùn jọ, ò ní gba ẹgbẹ́ kankan wọlé bí kò bá sáwọn onímọ̀ mìíràn tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò kí ẹgbẹ́ náà tó nawó sí i. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀ nìyẹn: ta ló ń yẹ iṣẹ́ yìí wò, kí sì ni wọ́n fi owó tọdún tó kọjá ṣe? Tí wọn ò bá lè fèsì, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.