Lẹ́tà ìròyìn tó dùn-ún wò lórí fóònù yín lè ti dàrú lójú ẹlòmíràn

“Ẹ ṣé” ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ìròyìn náà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní London rí lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wọn nìyí:

áº¸ á¹£Ã©

Wọ́n ya á ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. “Àbúrò mi, ṣé pọ́n-ùn lẹ ń bèèrè lọ́wọ́ wa ni, àbí àwọn ọmọ Yahoo ti gba ímeèlì ẹgbẹ́?” Mo wo fọ́tò náà dáadáa. Lóòótọ́, àmì pọ́n-ùn wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló tì mí lójú jù. Fọ́tò ààrẹ ẹgbẹ́ wa, tí mo ti dín kù títí kò fi ju pásípọ́ọ̀tù lọ, ti gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà. Etí kan àti ìdajì fìlà nìkan ni ẹ̀gbọ́n rí kí wọ́n tó fà á sísàlẹ̀. Òpó méjì tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti gun ara wọn lórí.

Bẹ́ẹ̀, mo dán an wò kí n tó fi ránṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa ni mò ń bá kọ lẹ́tà ìròyìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà n’Íbàdàn, wọ́n wà l’Ékòó, wọ́n wà ní London àti Houston, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú mi. Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi. Mo ṣí i nínú Gmail lórí fóònù, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo fi han ìyàwó mi. Ó ń dán gbinrin. Mo bá tẹ bọ́tìnnì, mo lọ sùn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà gbọ́ títí di òní: pé ímeèlì kò yàtọ̀ sí ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, pé HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, HTML ni HTML ń jẹ́, tó bá ti dára níbì kan, ó dára níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ẹbí ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá pín aṣọ ẹbí, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ti rán lẹ pín. Yáàdì aṣọ ni, bóyá pẹ̀lú fọ́tò sítáì tí ẹ fẹ́. Kálukú á gbé tirẹ̀ lọ fún télọ̀ tó mọ̀. Télọ̀ kan á rán an bó ṣe wà nínú fọ́tò. Èkejì á ní irú ọrùn yẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí òun kọ́, á fi ọrùn róbótó sí i. Lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ náà nìyẹn: yáàdì àti fọ́tò sítáì. Gmail, Apple Mail, Yahoo àti Outlook, àwọn áàpù tí à ń fi ka ímeèlì, ni àwọn télọ̀. Ohun tí mo rí lórí fóònù mi kì í ṣe lẹ́tà mi, ohun tí télọ̀ tèmi rán ni.

Télọ̀ tó le jù nínú wọn ni Outlook orí Windows, òun sì ni ẹ̀gbọ́n ń lò níbi iṣẹ́. Outlook 2003 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ Internet Explorer gbé HTML jáde sójú. Nígbà tí Outlook 2007 dé, Microsoft yọ Internet Explorer kúrò, wọ́n fi Word sí i. Word tí à ń fi tẹ ìwé ìbéèrè iṣẹ́! Láti ìgbà náà ni Outlook 2010, 2013, 2016 àti 2019 ti ń fi ojú Word wo lẹ́tà wa. Ní ọdún 2009, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pariwo lórí Twitter pé kí Microsoft jọ̀ọ́ dá a padà. Microsoft dáhùn pé Word ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ kọ ímeèlì. Ti ẹni tó fẹ́ ka á ńkọ́? Wọ́n fi Word sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe sọ ààrẹ wa di òmìrán. Fọ́tò tí mo gbé síbẹ̀ fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 1200. Mo kọ max-width: 200px (kó má fẹ̀ ju píksẹ́ẹ̀lì 200 lọ) sínú CSS, àwọn àṣẹ tó ń sọ bí nǹkan yóò ṣe rí lójú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ wẹ́ẹ̀bù ṣe máa ń ṣe, gbogbo bráúsà sì gbọ́. Word kò mọ max-width. Ohun tó ń wò ni width="200" tí a bá kọ sára àwòrán náà gan-an, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un. N kò kọ ọ́, ó bá gbé fọ́tò náà jáde bó ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó tú òpó méjì mi náà kò jìnnà síyẹn: flex, àṣẹ CSS tó ń to nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni mo fi tò wọ́n, Word kò sì gbọ́ flex. Tábìlì ló gbọ́, ìlà àti àpótí inú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń to owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Kò mọ igun róbótó. Tí ẹ bá fi àwòrán tó ń mì (GIF) ránṣẹ́ sí àwọn Outlook 2007 dé 2016, fọ́tò àkọ́kọ́ nìkan ló máa hàn, tí kò ní mì mọ́. Ẹni tó bá fi ìkéde pamọ́ sí fọ́tò kẹta nínú GIF ti fi pamọ́ tán nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé Outlook nìkan ló ń dà wá láàmú. Gmail tí gbogbo wa ń fi dán nǹkan wò ní ìwà tirẹ̀. Títí di ọdún 2016, ó máa ń já gbogbo CSS tí ẹ bá kọ sórí lẹ́tà dànù, àfi èyí tí ẹ bá kọ sára ohun kọ̀ọ̀kan. Ó ń gbà á báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó fi áàpù Gmail ka àpò ímeèlì tí kì í ṣe ti Google ṣì ń pàdánù rẹ̀. Bíi ti ẹni tó gbé ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ wọnú áàpù Gmail. Ẹ lè máa rò pé áàpù kan náà lẹ jọ ń lò.

Kì í ṣe ìkà ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nínú bráúsà, ojú-ìwé yín ló ni ilé. Nínú Gmail, àlejò ni lẹ́tà yín, inú ojú-ìwé tiwọn ló jókòó sí. Bí wọ́n bá gba gbogbo CSS yín bẹ́ẹ̀, ẹ lè kun bọ́tìnnì wọn ní pupa, ẹ tilẹ̀ lè fi bọ́tìnnì irọ́ bo tiwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹrù àlejò wò lẹ́nu ọ̀nà. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀, kò sì sí àjọ kan tó fi dandan lé e pé kí gbogbo wọn jọ ṣe é bákan náà. MIME, ìlànà tó jáde ní 1992, ṣàlàyé bí a ṣe ń di ẹrù inú ímeèlì. Bí ẹrù náà yóò ṣe rí lójú ẹni tó tú u, kò sọ ìyẹn.

Ká wá padà sórí “áº¸ á¹£Ã©”, nítorí àwa tí à ń kọ Yorùbá ni ìgbàgbọ́ yìí ń pa lára jù.

Kọ̀ǹpútà kò mọ Ẹ. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà gbogbo èdè di nọ́ńbà, báìtì mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ Ẹ, mẹ́ta ni ṣ, méjì ni é. Orí lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ fún áàpù tó gbà á pé UTF-8 ni wọ́n fi kọ ọ́. Tèmi kò sọ nǹkan kan. Gmail fòye gbé e. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n kà á bí Windows àwọn Òyìnbó ṣe máa ń kà á látijọ́, báìtì kan, lẹ́tà kan. Ẹ kà á wò: Ẹ di áº¸, àmì mẹ́ta. ṣ di á¹£, mẹ́ta náà, pọ́n-ùn ló sì gbẹ̀yìn. é di Ã©, méjì. Kò sí ọmọ Yahoo kankan tó gba ímeèlì wa.

Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè fi ọdún mẹ́wàá ṣe àṣìṣe yìí láìmọ̀, nítorí a, b, d wọn rí bákan náà lọ́nà méjèèjì. Àwa, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló máa tú wa fó. Àmì ohùn tún wá fi tirẹ̀ lé e: kò sí ẹ́ tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà àwọn èdè ayé fún kọ̀ǹpútà; ẹ ni, a wá gbé àmì lé e lórí, báìtì márùn-ún lápapọ̀. Bí fọ́ǹtì tí télọ̀ fi rán an kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì sórí, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi fìlà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ. Ẹ tilẹ̀ lè ti yan fọ́ǹtì tó dára láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Apple Mail á lò ó. Outlook ti Word kò ní lò ó, Times New Roman ló sì sábà máa ń bá yín fi dípò rẹ̀.

Nígbà tí mo ké gbàjarè, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe fláyà fún ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má da ara mi láàmú. “Ṣe gbogbo ẹ̀ ní àwòrán kan ṣoṣo, kò lè dàrú mọ́.” Ìgbàgbọ́ kejì nìyẹn, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Outlook kì í ṣí àwòrán tó ń bọ̀ láti ìta àyàfi tí oníǹkan bá ní kó ṣí i, àpótí òfìfo ni ẹ̀gbọ́n ì bá rí. Afọ́jú tí fóònù rẹ̀ ń ka ìwé sí i létí lè má gbọ́ nǹkan kan, tí ẹ kò bá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àwòrán náà. Fláyà tó fẹ̀ ní píksẹ́ẹ̀lì 600, tí ẹ bá fún un mọ́ ojú fóònù tó fẹ̀ ní 375, lẹ́tà tó jẹ́ 16 á di 10, ẹ wá máa wá jígí bàbá yín kiri. Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni nọ́ńbà àkáǹtì. Díjíìtì mẹ́wàá inú àwòrán, kò rọrùn láti dì mú, kò rọrùn láti kọ́pì bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó fẹ́ sanwó á máa fi ojú wò ó, á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣi díjíìtì kan tẹ̀, ẹ máa wá a.

Ohun mìíràn tí kì í hàn sí ẹni tó bá dán lẹ́tà kúkúrú wò ni bí Gmail ṣe máa ń gé lẹ́tà. Bí kóòdù HTML yín bá ti ju 102 KB lọ, Gmail á gé e níbẹ̀, á gbé línkì kékeré kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù. Àwòrán kò sí nínú ìṣirò yẹn, kóòdù nìkan ni. Ẹni tó bá kọ́pì ọ̀rọ̀ láti inú Word lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tètè ń débẹ̀, nítorí Word kì í wá láìkó ìdọ̀tí dání. Ibi tí wọ́n ń gé sì ni ìsàlẹ̀, níbi tí línkì “ẹ yọ mí kúrò” máa ń wà. Ẹni tí kò rí i á fi ìbínú tẹ spam.

Àwọn kan ti ń sọ pé wàhálà ti tán, Outlook tuntun ti dé. Òótọ́ ni pé Outlook tuntun orí Windows kò lo Word mọ́, bíi bráúsà ló ṣe ń gbé nǹkan jáde. Ṣùgbọ́n Microsoft fúnra wọn ní àwọn yóò ṣì máa tọ́jú èyí àtijọ́ ó kéré tán títí di 2029, àwọn ọ́fíìsì ńlá kì í sì í sáré pààrọ̀ nǹkan.

Báyìí, tábìlì ni mo fi ń to lẹ́tà wa, ó fẹ̀ ní 600, CSS rẹ̀ wà lára ohun kọ̀ọ̀kan, width wà lára gbogbo àwòrán, UTF-8 wà lórí rẹ̀ gbangba. Mo bu àwọ̀ funfun sẹ́yìn lógò wa tó jẹ́ dúdú, nítorí ẹni tó bá ń lo fóònù rẹ̀ ní ojú òkùnkùn (dark mode) kò rí i tẹ́lẹ̀ rárá. Tí ọwọ́ bá dí mi, mo máa ń lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MJML, ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń bá mi kọ tábìlì gbọọrọ yẹn. Tí CSS kan kò bá dá mi lójú, mo máa ń wò ó ní caniemail.com, níbi tí wọ́n to àwọn áàpù tó gbà á sí. Litmus àti Email on Acid á ya fọ́tò lẹ́tà yín nínú oríṣiríṣi áàpù fún yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n dọ́là ni, ẹgbẹ́ wa kò sì tíì san owó gbọ̀ngàn ìpàdé tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n London ni Litmus tèmi. Mo máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ Ọjọ́rú, wọ́n á ya fọ́tò.

Bọ́tìnnì “Ẹ san owó ẹgbẹ́” róbótó lórí fóònù mi. Lọ́dọ̀ wọn, igun mẹ́rin ni, ó mú ṣámúṣámú. Mo bi wọ́n bóyá kò burú. Wọ́n ní, “Èwo ló burú níbẹ̀? Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti sanwó.”