Kì í ṣe ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló ń darí ogun Borno láti Abuja

Bí ṣọ́jà bá kú ní Borno, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn wa ní Nyanya, Mararaba àti Kubwa á ti máa bú ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀. Wọ́n gbà pé òun ló ń darí ogun náà, pé àwọn ọmọ ogun òfuurufú àti ti ojú omi kàn ń bá a gbé ẹrù ni, pé CDS, ọ̀gá àgbà gbogbo ọmọ ogun, kò sì ju orúkọ lásán lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yìí ń mú ká di ẹ̀bi ru ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, kí ẹni tó kàn sì máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Abala 218 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi bí a ó ṣe lo àwọn ọmọ ogun sọ́wọ́ Ààrẹ. CDS ló ń kó ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lábẹ́ Ààrẹ. Ọ̀gágun Alani Akinrinade, ọmọ Yakoyo, ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn ní 1980, lẹ́yìn tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì.

Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń gba èèyàn síṣẹ́, tó ń kọ́ wọn, tó ń wá ohun èlò fún wọn. Lójú ogun, ọ̀gágun kan tó jókòó sí Maiduguri, tó ń darí ogun náà tí wọ́n ń pè ní Operation Hadin Kai (Lafiya Dole ni wọ́n ń pè é kí oṣù Kẹrin 2021 tó parí), ló ń pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn.

Ẹ mú awakọ̀ òfuurufú kan níbẹ̀. Ìgbéga rẹ̀ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ní Abuja ni wọ́n ti ń wá. Ibi tí yóò fò lọ lónìí, Maiduguri ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ní ọkọ̀ náà kò ṣeé gbé, ọ̀gágun ojú ogun kò lè fi agídí gbé e sókè. Ọ̀gá kan ló ni ogun, ọ̀gá mìíràn ló ni ẹ̀yà ara ọkọ̀: àárín méjèèjì ni nǹkan ti sábà ń bà jẹ́.

Ibi tó gbẹgẹ́ jù ni kí àwọn tó wà nílẹ̀ pe ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀tá wà, ibi tí àwọn tiwa wà, àti àmì tí awakọ̀ yóò fi dá wọn mọ̀. Orúkọ abúlé kò tó, nítorí abúlé méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà orí máàpù ni wọ́n ń kà. Nọ́ńbà tó jẹ́ ẹyọ 6 ń mú awakọ̀ dé àyè tó fẹ̀ ní mítà 100, bíi gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Èyí tó jẹ́ ẹyọ 8 ń mú un dé mítà 10. Ti ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó ka ti àríwá, ẹni tó bá sì yí wọn padà ti júwe ibòmíràn pátápátá. Ewu kan tún fara pamọ́ síbẹ̀: nítòsí Minna ni àwọn tó ya máàpù àtijọ́ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n wọn, GPS sì ń lo ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ka ti máàpù, tí èkejì tẹ̀ ẹ́ sínú GPS láìṣe àtúnṣe, ó lè fi ju mítà 50 ṣìnà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann. Lẹ́yìn ìwádìí, orílé-iṣẹ́ ológun sọ pé Rann kò sí lórí máàpù iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìrànwọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ tó gbéra rárá: iyàrá tí ìròyìn àwọn tó wà nílẹ̀, ti òfuurufú àti ti àwọn aláàánú ti ń pàdé ló yẹ kó ti kọ Rann sórí máàpù náà.

Ti Tudun Biri ní Kaduna, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, tún yàtọ̀. Ó ju èèyàn 80 lọ tó kú níbi Máólúdì. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ bú àwọn ọmọ ogun òfuurufú, bẹ́ẹ̀ dróònù (ọkọ̀ òfuurufú tí awakọ̀ kì í wà nínú rẹ̀) ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló ju bọ́ǹbù náà, àwọn fúnra wọn ló sì jẹ́wọ́. Ẹ̀ka méjèèjì ló ní dróònù báyìí, ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n sì jọ ń fò.